Ilé Tí Wọn Kì Í Ti Í Jà

Fadérera sọ fún Alábàárò pé etí òkun ni Ìbàdàn wà. Alábàárò ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé Ìyá mà mọ̀lú o. Fadérera ní láyé àtijọ́, ṣúgà ni wọ́n fi ń se ẹ̀gúsí. Alábàárò ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní òun lòun bí ìyá òun. Ẹ̀rọ náà mi orí rẹ̀ roboto, iná tó wà láyà rẹ̀ tàn yòò, ó ní, "Ó hàn lójú yín, Ìyá Tiwa. Ẹ sì tọ́ wọn dáadáa."

"Orí ẹ ti dàrú," ni Fadérera wí.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọ̀rọ̀ yín máa ń gbé mi ró."

Fadérera mú ìrọ̀rí, ó jù ú lù ú. Alábàárò hán an, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dá a padà síbi tó wà, ó ní, "Ẹ kú eré ìdárayá o." Kí lèèyàn fẹ́ fi irú èyí ṣe? Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá, ni wọ́n gbé sáàárín àwọn tí kò ní bá a jiyàn láéláé.

Ilé Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Orí òkè ló wà, lókè ìlú Ìdí-Ọdán. Fadérera lè rí òrùlé ilé ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé bí òjò àtọwọ́dá ọjọ́bọ̀ bá ti dá tán, tójú ọ̀run mọ́. Rírí rẹ̀ náà wà, dídé ibẹ̀ ni wàhálà. Ilẹ̀kùn Ilé Ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í ṣí fún ẹnì kan ṣoṣo. Tí o bá dá dúró níwájú rẹ̀, àní kí o forí gbá a, kò ní mira. Àfi kí ẹnì kejì dé, kí ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì máa tan iná àwọ̀ ewé láti fi hàn pé inú yín dùn síra yín, ìgbà yẹn ló tó máa là. Tí Fadérera bá lọ wẹ̀, Alábàárò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa kọrin sí i, kó má baà di pé àgbàlagbà dá wà. Ní àárọ̀, aago á dún, gbogbo àgbà ilé náà á bú sẹ́rìn-ín pọ̀. Wọn á rẹ́rìn-ín títí aago á fi tún dún, wọn á wá kọjú sí ẹ̀kọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, ó bi Bàbá Olúmuyì tó jókòó tì í pé, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí, sà? Bàbá náà nu omi lójú, ó ní, "Aago."

Ẹ má sì rò pé irọ́ ló kọ́ ilé náà. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní láti ìgbà tí Fadérera ṣì wà lọ́mọge. Àgbà tó ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́, máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó dá wà nínú ìbànújẹ́ lọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìjọba ló gba òótọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, tó sọ ọ́ di òfin, tó sì fi ilẹ̀kùn irin sí i lẹ́nu.

Ìbídùn wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. Òun ni ọ̀gá àwọn olùtọ́jú níbẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, tó ka ìwé débi tí ìwé dé, tí kò sì jẹ́ kí ìyẹn ba ìkúnlẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìwọ náà gbà pé etí òkun ni Ìbàdàn wà?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó tẹ Alábàárò léjìká, ẹ̀rọ náà sì kọjú sí ògiri. "Mà, ìyáálé yín ń bọ̀ lónìí."

Ẹ̀gbà ọwọ́ Fadérera kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di ìyeyè.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ̀gbà yín ti ń yí."

"Fi ẹ̀gbà sílẹ̀. Ta ló ní kó wá?"

"Ilé ẹjọ́ ni. Bọ̀dá Kòyin ọmọ wọn ló lọ ń bẹ̀ wọ́n ṣáá títí wọ́n fi gbà. Wọ́n ní kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó pọ̀ níwájú Etí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èébú lẹ́nu èèyàn. Funfun ni àtùpà ẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹ́. Tó bá fi lè di búlúù láìsí pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni, òfin á gbà pé ẹ ti rẹ́. Ẹ máa bá wọn wọkọ̀ lọ sílé lónìí olónìí, mà."

Ilé. Fadérera rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. "Tí ẹnì kan bá wá bú ẹnì kejì ńkọ́?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mo bi ọ́ ni."

Ìbídùn wo ilẹ̀. "Wọ́n á yà yín títí láé. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ tún wà níbi tí ohùn yín ti lè dé etí ara yín mọ́. Fóònù ò ní gbé e, ọ̀nà ò ní gbà yín pọ̀. Ẹ̀yin á sì máa gbé ibí."

"Títí dìgbà wo?"

Fadérera ò dúró gba èsì, ìdáhùn ẹ̀ ò ṣòro. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ẹ̀gbà wọn dára gan-an ni, mà. Kò pọ́n rí láti ọjọ́ tí ẹ ti kúrò nílé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, wọn kì í pariwo. Oúnjẹ nìkan ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Dókítà ní àlàáfíà ni, ó ní àwọn ò tíì rí àgbà tó fọkàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Fadérera ò gbà á gbọ́. Ìyá Kòyin, kó fọkàn balẹ̀? Ìyá Kòyin tó ń bá afẹ́fẹ́ jà tí aṣọ rẹ̀ bá já bọ́ lórí okùn?

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti rí, torí Etí ò mọ̀ ọ́n, àwọn tó ṣe Etí ò sì béèrè. Ìyá Kòyin ni ìyáálé, Fadérera ni ìyàwó. Láti ọdún tí Fadérera ti wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń forin bú ara wọn, bí àwọn orogún ti ń ṣe kí ìyá ìyá wọn tó dáyé. Ìyáálé ló ni àárọ̀. Á máa gbálẹ̀ ojúde, á máa kọ ọ́ lọ. Ìyàwó ló ni ìrọ̀lẹ́, nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Orin kan, èsì kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ méjì léra. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ. Bí ara ẹnì kan ò bá yá, orin á dúró dè é títí yóò fi gbádùn. Ìyàwó kì í sì í yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu, ìbáà jẹ́ imú ìyáálé ló ń fi ṣẹ̀sín. Á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i ná, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, orin tí Ìyá Kòyin kọ nìyí:

*Ìyàwó ń dáná, èéfín gbòde,*
*Ará àdúgbò ń sáré pọnmi bọ̀,*
*Wọ́n ṣebí ilé ló ń jó.*
*Ẹ̀bà ló ń tẹ̀ o, ẹ padà sílé.*

Orin yẹn dùn, Fadérera ò lè purọ́. Ó rẹ́rìn-ín sínú níyàrá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èsì tí yóò fi fọ́ ọ lẹ́nu nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Tiwa ọmọ rẹ̀ ti ra Etí kan wá láti ìlú ńlá, ó ti gbé e sí pálọ̀, kí ìyá rẹ̀ lè máa rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n Etí ti gbọ́ orin àwọn méjèèjì, ó sì ti fi sun ìjọba. Kí oòrùn tó yẹ̀, ọkọ̀ kan tí kò ní awakọ̀ ti dúró lẹ́nu géètì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi Ìyá Kòyin bóyá òótọ́ ni pé obìnrin yìí máa ń bú u.

Ohun tó yẹ kó sọ ni pé rárá o, eré ni. Ṣùgbọ́n ṣé ìyáálé á jẹ́ kí àlejò rò pé ìyàwó òun ò gbọ́n lẹ́nu ni? Ó gbé àyà síwájú, ó ní, "Ó ń bú mi dáadáa! Láti ọjọ́ tó ti dé ni. Kò sẹ́ni tó mọ èébú bí i tiẹ̀ ládùúgbò yìí." Ó sọ ọ́ tìyanga-tìyanga bí ẹni ń fi ọmọ tó gbégbá orókè hanni. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wo ara wọn. Bí wọ́n ṣe gbé Fadérera lọ nìyẹn, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nítorí náà, Fadérera lorin kàn. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé orí òkè yìí, ohun tó ń gbé e dìde kì í ṣe aago ẹ̀rín, kì í ṣe Alábàárò. Èsì orin yẹn ni. Á hun ún, á tú u, á tún un hun. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín aago, òun á máa wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ohùn lọ. Ìyáálé ní tirẹ̀ ti kọ tiẹ̀ tán. Kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ju kó máa dúró lọ.

Yàrá Ìrẹ́pọ̀ mọ́ tónítóní. Àga, tábìlì, àtùpà Etí lórí tábìlì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fadérera ti jókòó pẹ̀lú Ìbídùn nígbà tí àga ìyáálé rẹ̀ dá wọlé fúnra rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí Kòyin sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Fadérera kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbé ẹlòmíì wá ni. Obìnrin tó máa ń dí ẹnu ọ̀nà pa ti rù hangogo. Ìró rẹ̀ yí i ká, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ̀rín kan wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín pẹ̀lẹ́, tí Fadérera ò rí níbẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń tan àwọ̀ ewé, kò ṣẹ́jú.

Kòyin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àgbà lòun náà ti ń dà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má sọ ohunkóhun tó le. Àsìkò díẹ̀ ni. Ọkọ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Mo ti ní kí wọ́n tún yàrá yín ṣe."

"Dìde, Kòyin. Mo gbọ́."

Ìbídùn fọwọ́ kan Etí. Àtùpà náà tàn, ó funfun bí omi ẹ̀kọ.

"Fadérera," ni Ìyá Kòyin pè.

Ara Fadérera bù máṣọ. Láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ, ìyáálé ò pe orúkọ ẹ̀ rí. "Ìyàwó" ni. Tí ìjà bá le, a di "ìwọ ìyàwó yìí".

"Ẹ kú ilé o, ìyáálé mi. Ẹ kú àtijọ́."

"O dáa lójú. Aṣọ yẹn yẹ ọ́."

Aṣọ Ilé Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni Fadérera wọ̀, aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ aláìláwọ̀ kan tó dà bíi pé àpò gaàrí ni wọ́n gé ní apá. Ìyá Kòyin àtijọ́ á ti fi aṣọ náà kọrin tí kò ní tán lọ́sẹ̀ kan. Fadérera wò ó bóyá yẹ̀yẹ́ ni. Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó rò ó pé òun á dán an wò, òun á bú u lọ́nà tí Etí ò ní gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àárò ọbẹ̀ yín ló ń sọ mí, ìyáálé mi. Kò sọ́bẹ̀ tó dùn bí i tiyín nílùú yìí."

Gbogbo Ìdí-Ọdán ló mọ ọbẹ̀ Ìyá Kòyin. Ọkọ wọn gan-an, ọkùnrin tí kì í ráhùn, máa ń mumi kó tó jẹ ẹ́, á tún mumi tó bá jẹ ẹ́ tán. Orin lórí ọbẹ̀ yẹn nìkan kò lóǹkà. Fadérera tẹjú mọ́ ojú ìyáálé rẹ̀, ó ń retí kí ìpéǹpéjú yẹn gbọ̀n, kí ètè yẹn yọ síwájú bó ṣe máa ń yọ.

"O ṣeun," ni Ìyá Kòyin wí. "Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi."

Kòyin mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ìbídùn fọwọ́ nu ojú. Àtùpà ti ń kúrò ní funfun.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan," Ìyá Kòyin tún wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Fadérera ní láti sún mọ́ ọn. "Gbogbo ohun tó ti wà láàárín wa, mo ti dárí ẹ̀ jì ọ́. Kí ìwọ náà bá mi dárí jì mí. Orin yẹn náà, èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn. Má wulẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Ó ti tó. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó rẹ̀ mí, Fadérera. Ara mi balẹ̀. Jẹ́ ká lọ sílé, kí n lọ sùn."

Ó wá yé Fadérera kedere. Obìnrin yìí ń dágbére ni. Ó ń palẹ̀ mọ́ níṣojú gbogbo wọn, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ń tàn pé nǹkan dára. Kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àwọn olùtọ́jú ń sunkún ayọ̀. Òun nìkan ló rí i, òun sì ni wọ́n ti dí lẹ́nu.

Bó bá lè gbé ẹnu dákẹ́ díẹ̀ sí i, ilé ti dé. Ó fẹ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó fẹ́ ẹ débi pé ó ń dun ún léegun. Ó fẹ́ dá jókòó sórí ìjókòó ìdáná rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọrin sí i. Ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tó kàn ṣí nítorí pé èèyàn tì í. Ṣùgbọ́n Etí ṣì wà ní pálọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á tún fi ọ̀kan sí ìdáná, wọ́n á fi ọ̀kan sójúde. Òun àti ìyáálé á máa wo ara wọn, wọn á máa sọ fún ara wọn pé aṣọ yẹ ọ́, ọbẹ̀ yín dùn, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀kan ò ní jí. Kò sì ní pẹ́. Ẹni tójú rẹ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀ yẹn ò lè kọjá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó rántí ìgbà tí ọkọ wọn kú. Ó ti kọjú sí ògiri nígbà náà, kò jẹ, kò mu. Gbogbo èèyàn ló wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn, bí ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dùn tó ni ó túbọ̀ ń rì. Ìyá Kòyin ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìkí i. Opó lòun náà, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ìyàwó, ẹkún ẹ yìí ò dùn. Ewúrẹ́ Ìyá Ṣànúmi ń sun ju báyìí lọ. Tó ò bá mọ̀ ọ́n sun, wí, kí n kọ́ ẹ." Inú bí Fadérera débi pé ó fò dìde, ó sọ bàtà lù ú. Kó tó mọ̀, ó ti ń wá bàtà kejì. Kó tó mọ̀, ebi ti ń pa á.

Àtùpà ti ń di búlúù létí.

Fadérera dìde kúrò lórí àga. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ké, síbẹ̀ ó rọra fi wọ́n kanlẹ̀ níwájú ìyáálé rẹ̀.

"Ó fẹ́ tọrọ àforíjì," Kòyin sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Ìbídùn. "Ẹ wò ó. Ọlọ́run tóbi."

Ìyá Kòyin na ọwọ́ láti fi kàn án lórí. Fadérera di ọwọ́ náà mú, ó ya ẹnu, ó sì jẹ́ kí orin jáde, pẹ̀lú ohùn ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ àtijọ́, èyí tó máa ń dé ilé kẹta:

*Ìyáálé mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o,*
*Mo gbọ́ pé ẹ ti wá dẹni jẹ́jẹ́.*
*Ẹnu gbàgà tó ń lé àlejò,*
*Ẹ̀kọ omi ló ń lá bí ọmọ ọwọ́.*

Etí pọ́n wàà. Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ látinú ògiri, ó ń dún kíkankíkan. "Ìyá kékeré!" ni Kòyin figbe ta. "Ẹ dákẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!" Ìbídùn ti sáré dé, ó dì í léjìká méjèèjì, ó ń fà á. Fadérera ò jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyáálé rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, orin ò dúró:

*Ẹ rọra máa lọ, ẹ rọra máa sùn,*
*N ó lọ sí ibojì ọkọ wa,*
*N ó sọ fún un pé ìyàwó ló borí,*
*Ìyáálé sá, kò lórin nínú mọ́.*

Ẹ̀rín pẹ̀lẹ́ yẹn dúró lójú Ìyá Kòyin bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n. Ètè rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́jú, ó di ìyeyè, ó pọ́n bí ojú ata.

"Ta ló sá?"

Àga rẹ̀ ti ń yí padà fúnra rẹ̀. Bí òfin ti wí ni, àga gbọ́dọ̀ gbé àgbà kúrò nídìí ẹni tó ń bú u. Ìyá Kòyin fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣanṣan.

"Mo ní ta ló sá? Ìwọ ìyàwó yìí, èmi ni mo sá? Kòyin, dá àga yìí dúró! Dá a dúró, mo ní! Ó ti kàn mí! Ẹ ò gbọ́ ni, èmi lorin kàn!"

Kòyin ń sáré tẹ̀ lé àga, kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Ìyá Kòyin ti bọ́ sálúbàtà kan, ó ń fi lu ẹ̀rọ náà láìdúró. Láti ojú ọ̀nà, Fadérera gbọ́ bó ṣe ha ọ̀fun, bó ṣe wá ohùn, bó ṣe rí i. *Ìyàwó dé orí òkè,* ló fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn sì pa dé lórí ìyókù.

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sunkún, kì í ṣe tayọ̀ mọ́. "Kí ló dé, mà? Díẹ̀ ló kù. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ẹ ò ní rí wọn mọ́ láyé yìí, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀." Fadérera ń fi etí aṣọ nu imú. "Ṣé o rí ojú ẹ̀?"

"Ojú wọn pọ́n, mà."

"Ó pọ́n, àbí?"

Ilé ẹjọ́ ò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n gbé Fadérera kúrò níbi tó ti ń rí òrùlé ilé, wọ́n fún un ní yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí igbó. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn nílò ẹni méjì kó tó ṣí láti inú, kò sì sẹ́ni tí wọ́n yọ̀ǹda kó bá a rìn jáde. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tó jókòó síbẹ̀ ló wá mọ ohun tó ti fi sílẹ̀. Ó wọ inú ara rẹ̀ lọ láti wá orin bó ṣe máa ń ṣe ní àárọ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti kọ ọ́ tán. Òun kọ́ lorin kàn mọ́. Òun ló wá kàn láti dúró báyìí, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìdúró ń ṣe fúnni. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń tan àwọ̀ ewé, ó ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Oúnjẹ wọlé, oúnjẹ jáde, kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó ṣe, Ìbídùn wọlé wá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ibùsùn tí kò rún.

"Mi ò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun fún yín nípa wọn, mà. Òfin ò gbà á. Torí náà, mi ò bá yín sọ̀rọ̀ o. Ibùsùn ni mò ń tẹ́." Ó gbọn ìrọ̀rí. "Bọ̀dá Kòyin wá síbí lánàá, wọ́n ní ìyá àwọn ò jẹ́ káwọn sùn mọ́. Ìyá wọn ti gba agbẹjọ́rò. Wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ jẹ́ káwọn wá dá orin yín lóhùn. Adájọ́ ní kò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Ìyá wọn ní kò burú, àwọn á dúró títí wọ́n á fi yí òfin padà."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Iyán ni wọ́n ń béèrè láàárọ̀, mà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń fi ikùn òfìfo lọ sílé ẹjọ́."

Fadérera rẹ́rìn-ín. Kò sí aago kankan tó dún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, Ìbídùn sì kúnlẹ̀ dì í mú. Nígbà tí ó tó o, ó nu ojú, ó wo abọ́ tó ti wà lórí tábìlì láti àárọ̀.

"Gbé abọ́ yẹn wá."

"Ó ti tutù, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé òmíì."

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá mi láàyè."